Àwọ̀n Ẹ̀fọn Inú Àpótí àti Àyẹ̀wò Tí A Ń Sá Fún



Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ kí Àlhájà kan tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ṣe àìsàn. Àlhájà yìí kì í ṣe òpè ènìyàn. Ó ń ta àdìrẹ, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó sì ní orúkọ nínú ẹgbẹ́ àsàlátù àdúgbò rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Orí ẹní ni a bá a, ara rẹ̀ gbóná bí iná, kò sì lè jẹun. Wọ́n ti ra oògùn fún un ní kẹ́míìsì lẹ́ẹ̀mejì. A bèèrè bóyá ó ń sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Àlhájà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alfa, àwọ̀n wà o. Méjì ni wọ́n fún wa." Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé àwọ̀n méjèèjì jáde láti inú àpótí aṣọ rẹ̀, nínú ọ̀rá wọn gan-an, a kò tíì tú wọn rí. Ó fi wọ́n pamọ́ de àlejò ni.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé ara ọmọ náà yá lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dé ọsibítù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀n inú àpótí yìí ti ń dà wá láàmú, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ilé Àlhájà nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń gé e ṣe kànrìnkàn. Àwọn mìíràn fi ń sé ọgbà ẹ̀fọ́ kí adìyẹ má baà wọ̀ ọ́, a sì ń gbọ́ nípa àwọn tí ó fi ń pẹja lódò. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí ní ọdún 2021, ó lé ní ìdajì àwọn ilé ní Nàìjíríà tí wọ́n ní àwọ̀n olóògùn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí wọ́n sùn nínú rẹ̀ ní òru ọjọ́ tí ó ṣáájú ìwádìí náà kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí èyí ń ná wa. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, ibà tí ẹ̀fọn ń kó ràn wá pa ènìyàn tí ó tó 597,000 ní gbogbo ayé. Nínú mẹ́wàá tí ó kú, mẹ́ta jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, nínú mẹ́rin tí ó kú, mẹ́ta jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Abo ẹ̀fọn ni ó ń gbé àrùn náà káàkiri, òru ni ó sì máa ń jẹ ènìyàn jùlọ, láti ìgbà tí a bá ti kírun Ìṣáì tán títí di ìgbà tí Ládàánì yóò fi pe ìrun Àsùbáà. Wákàtí wọ̀nyí gan-an ni àwọ̀n wà fún. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣírò ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà láàárín ọdún 2000 sí 2015 rí i pé àìsàn ibà tí ìgbòkègbodò wọ̀nyí yẹ̀ lórí àwọn ènìyàn ju 600 mílíọ̀nù lọ, àti pé àwọ̀n lásán ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ju oògùn lọ, ju fífín ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa ni pé ẹni tí Ọlọ́hun bá ti kọ ikú mọ́, àwọ̀n kò lè gbà á sílẹ̀. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fi òtítọ́ náà sí àyè rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ta ni nínú yín tí ó ń fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìtì ní alẹ́ nítorí pé Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ ọ? Àgádágodo méjì ni ẹ fi ń tì í, ẹ sì tún ń dáwó fún ọdẹ ọjà. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ará oko tí ó fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso, tí ó ní Ọlọ́hun ni òun gbẹ́kẹ̀ lé, tí Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ so ó ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Sàyídínà Umar pẹ̀lú, nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó jókòó gbìmọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà, ó sì darí àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Wọ́n bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni. Èsì rẹ̀ ni pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun sí inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ń sá lọ. Ẹni tí ó bi í ní ìbéèrè náà, Abu Ubayda, Sàhábà tí ó níyì gidigidi, inú àjàkálẹ̀ náà ni ó kú sí.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀sìn ni ó ń dí wa lọ́wọ́. Ooru ń dí àwọn kan lọ́wọ́, a kò sì ní pe ẹni tí ooru ń mú ní òpùrọ́. Yàrá tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn, tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tí iná mànàmáná kò sí, kì í ṣe ibi tí ó rọrùn láti ta àwọ̀n sí. Àwọn kan sọ pé oògùn ara rẹ̀ ta wọ́n lójú, ó sì mú kí ara yún wọn. Ìyẹn náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pín àwọ̀n ni ó yẹ kí ó ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tú u kúrò nínú ọ̀rá, kí wọ́n sá a sí abẹ́ òjìji fún odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó sùn nínú rẹ̀. Kí wọ́n má sá a sí oòrùn, nítorí oòrùn ń pa oògùn ara rẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí, ọṣẹ lásán ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a má ṣe lo kẹ́míkà tí a fi ń bó aṣọ. A ti bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n gba àwọ̀n, ẹnì kan péré ni ó ní wọ́n sọ èyí fún òun. Wọ́n kàn kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni, wọ́n gbé ọ̀rá lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì kọjá sí ilé kejì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ń fún àgbà ní nǹkan ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a fẹ́ sọ wúwo ju èyí lọ, a sì mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde àrùn éèdì ní Nàìjíríà ní ọdún 1986, kò sí oògùn kankan tí a lè fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó bá ohun tí ojú wọn rí mu: wọ́n pè é ní àrùn kògbóògùn. Rédíò ń pè é bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwa náà sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti di irọ́ báyìí. Oògùn kò tíì lè lé kòkòrò HIV kúrò pátápátá nínú ara, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn wà tí ó ń tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìfi ọjọ́ kan jẹ, yóò ṣiṣẹ́, yóò tọ́mọ, yóò dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kòkòrò náà bá ti lọ sílẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ lórí ibùsùn mọ́. Aboyún tí ó ní in tí kò sì gba ìtọ́jú, nínú 100 irú rẹ̀, ó lè tó 15 sí 45 tí yóò kó o ran ọmọ. Bí ó bá gba ìtọ́jú, wọn kì í tó márùn-ún. Ṣé irú èyí ni a tún ń pè ní kògbóògùn? Ta ni yóò lọ ṣe àyẹ̀wò àrùn tí orúkọ rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i? A bẹ àwọn akọ̀wé ìròyìn ẹlẹgbẹ́ wa àti àwọn oníwàásù pé kí a jọ pa orúkọ náà tì.

Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 14 ni ó ní kòkòrò yìí, àwọn obìnrin tí ó ní in sì tó ìlọ́po méjì àwọn ọkùnrin. Kí ẹni tí ó ń sọ pé èrè àgbèrè ni kí ó ro èyí dáadáa. Nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ìyàwó ilé wà tí kò mọ ọkùnrin mìíràn rí ju ẹni tí a so yìgì òun àti rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹni tí a mọ̀ fún òtítọ́, sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa tí a kò gbàgbé. Ó ní: "Ẹ má bínú, Alfa. Bí ẹni tí ó mọ̀ mí bá rí mi ní ẹnu ọ̀nà ibi àyẹ̀wò yẹn, ọjà mi bàjẹ́ nìyẹn, kí èsì tó jáde rárá. Ta ni yóò tún kó ọjà fún mi láwìn? Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún ọmọ mi?" Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Orúkọ ni ọlọ́jà fi ń gba àwìn. Ọkùnrin yìí kò bẹ̀rù abẹ́rẹ́, kò sì sọ pé kòkòrò náà kò sí. Ẹnu wa ni ó ń bẹ̀rù, èmi àti ìwọ. Òfin wà láti ọdún 2014 tí ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí pé ó ní kòkòrò HIV, ìbáà ṣe níbi iṣẹ́ tàbí ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n òfin kò lè de ẹnu àwọn tí ó jókòó sí ìdí ìsọ̀.

Ohun tí ó lè dè é ni kí ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún kọ́kọ́ ṣe é ní gbangba. Àwọn àgbà yóò rántí ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe mínísítà ìlera rí, jáde ó sì sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ni ó pa àbúrò òun. Ìwà Fẹlá kì í ṣe ohun tí ojú ìwé yìí ń gbóríyìn fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkàn tí ó gba kí ènìyàn tó ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa òkú ilé ara rẹ̀, ní ìlú tí a ti máa ń sọ pé àwọn ayé ni ó pa á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó rò pé ìtàn òyìnbó ni éèdì, ọjọ́ náà ni wọ́n gbà pé ó wà.

Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Uganda ti ṣáájú wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àrùn náà jà ní ilẹ̀ wọn gidigidi ní àwọn ọdún 1980. Ní 1988 àwọn dókítà Mùsùlùmí ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Islamic Medical Association of Uganda, nígbà tí ó sì di 1989, ọ́fíìsì Mùfútì ilẹ̀ náà kéde jíhádì lórí éèdì. Láti 1992 ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn Lèmọ́mù, bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè Mpigi. Wọn kò dúró lórí mùńbárì nìkan. Lèmọ́mù àti àwọn tí ó yàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bá tọkọtaya sọ̀rọ̀ nínú yàrá wọn. Nígbà tí wọ́n padà wádìí wò lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ìjọ tí wọ́n kọ́ ti ní ìmọ̀ sí i, àwọn tí ó ń ní ju olólùfẹ́ kan lọ sì ti dín kù.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà ìdáàbòbò ni ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn àlùfáà kan kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní yóò ṣí ilẹ̀kùn àgbèrè. Àwọn dókítà kò bú wọn, wọn kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n sì fi ẹnu kò pé kí a kọ́kọ́ kọ́ àwọn ènìyàn ní ìkóra-ẹni-níjàánu àti òtítọ́ láàárín tọkọtaya, kí a sì tún kọ́ wọn ní èyí pẹ̀lú. Ní tiwa, a kò rí bí ẹ̀rí ọkàn ẹnikẹ́ni yóò ṣe mọ́ tí ó bá mọ̀ pé òun ní kòkòrò yìí, tí ó sì ń sún mọ́ aya rẹ̀ láìsọ fún un, láìlo oògùn, láìlo ìdáàbòbò kankan. Ọlọ́jà tí ó bá ta aṣọ tí ó ní àbùkù láìfi àbùkù náà hàn, ẹ̀sìn wa ti dá a lẹ́bi. Èwo wá ni ti ẹni tí ó fi irú èyí pamọ́ fún ìyá ọmọ rẹ̀?

Ohun méjì ni àwọn ará Uganda tún fi kọ́ àwọn ìjọ wọn tí ó kan àwa Mùsùlùmí gan-an. Èkíní ni wíwẹ òkú. Ẹni tí ó bá ń wẹ òkú kí ó fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà sọ́wọ́, pàápàá bí ojú ọgbẹ́ bá wà lára òkú tàbí lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Èkejì ni ilà abẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní South Africa, Kenya àti Uganda, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 2007, fi hàn pé ọkùnrin tí ó dákọ́ bọ́ lọ́wọ́ gbígba kòkòrò HIV láti ara obìnrin ní nǹkan bí ìlọ́po 60 nínú 100. A ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa ń fi èyí ṣe fáàrí. Kí wọ́n rántí pé 40 ṣì kù nínú 100 náà, kò sì gba aya wọn sílẹ̀. Bí olólà bá sì fi abẹ kan náà dá ọmọ mẹ́ta ní àárọ̀ kan, ewu ni ó gbé wọ ilé. Abẹ tuntun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí bàbá ọmọ dúró kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe tú u nínú ìwé.

Ó yẹ kí a bá ìjọba náà wí. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kí a gba oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a lè gbàgbọ́. Ní 1996, ilé iṣẹ́ òyìnbó kan dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé ní Kano nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà níbẹ̀, àwọn òbí sì sọ pé a kò ṣàlàyé fún àwọn bí ó ti yẹ. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí di 2009 kí wọ́n tó fi owó parí rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan wá sọ ní 2003 pé ohun tí yóò sọ ọmọ obìnrin di àgàn ni ó wà nínú oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, àwọn ènìyàn rántí 1996, Kano sì dá a dúró. Wọn kò gbà á padà títí di 2004, lẹ́yìn tí wọ́n lọ gba oògùn láti Indonesia, ilẹ̀ Mùsùlùmí bíi tiwọn. Ní àárín ìgbà náà, àrùn náà ti ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ọmọ púpọ̀ sì ti rọ. Ọdún 2020 ni ilẹ̀ Áfíríkà tó bọ́ lọ́wọ́ irú èyí tí ó ń ti inú ayé wá fúnra rẹ̀. Ní báyìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ibà ẹ̀fọn ti dé. Ní ìparí ọdún 2024 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní Kebbi àti Bayelsa. Ní ibikíbi tí wọ́n bá gbé e dé, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ wá sí ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù àti Ìyálọ́jà kí wọ́n tó gbé agolo yìnyín wọ àdúgbò, kí wọ́n jẹ́ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè, kí wọ́n sì dáhùn láìkanra.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn Lèmọ́mù kò pọ̀. Kí Lèmọ́mù ta àwọ̀n sórí ibùsùn ara rẹ̀ kí ó tó wàásù rẹ̀, kí àwọn tí ó bá wá kí i rí i níbẹ̀. Kí òun àti ìyàwó rẹ̀, àti Baba Àdínì àti Ìyá Àdínì, jọ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n sì sọ fún ìjọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ́ pé àwọn ti lọ. Kí wọ́n má sọ èsì rẹ̀, nítorí èsì kì í ṣe ti ìjọ. Bí a bá ti rí Baba Àdínì ní ẹnu ọ̀nà náà, a kò lè fi ẹnu tẹ́ ẹni tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí ń bèèrè fún ìwé àyẹ̀wò kí wọ́n tó so yìgì. Ó dára kí àwọn méjèèjì mọ ara wọn, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ohun tí kò dára nípa bí àwọn kan ṣe ń ṣe é. Ní ibi kan, akọ̀wé ìjọ ni ó ṣí ìwé náà wò, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Ọmọbìnrin náà kó kúrò ní ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ èyí, ilé àyẹ̀wò tí ó ń kọ ìwé èké ni wọn yóò wá lọ. Kí dókítà bá àwọn àfẹ́sọ́nà méjèèjì sọ̀rọ̀, kí àwọn nìkan gbọ́ èsì. Bí wọ́n bá mọ̀ tán tí wọ́n sì tún fẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà, kí Lèmọ́mù so yìgì wọn.

A retí lẹ́tà lọ́dọ̀ àwọn Lèmọ́mù tí wọ́n bá ti dán èyí wò, kí wọ́n sọ fún wa bí ìjọ wọn ṣe gbà á, ìbáà ṣe èyí tí ó dùn tàbí èyí tí ó korò. Àlhájà tí ó ní àwọ̀n méjì ti ta ọ̀kan sórí ibùsùn àwọn ọmọ. Èkejì ṣì wà nínú àpótí, a ó sì tún padà lọ bá a sọ̀rọ̀.